Kòkó Tí A Kò Là Wò

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú fo àṣìṣe mi. Ìwé kẹrin ni mo kà dé kí wọ́n tó mú mi kúrò nílé ìwé, láti ìgbà náà sì ni ó ti jẹ́ pé orúkọ àwọn àgbẹ̀ lára àpò ìdọ̀họ nìkan ni mo ń kọ. Bí ọ̀rọ̀ mi bá ń lọ síwájú tó tún ń padà sẹ́yìn bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé, bí mo ṣe mọ̀ ọ́n kọ náà nìyẹn. N kì í sì í lè sọ̀rọ̀ láàrin àwùjọ. Bí èèyàn bá ti tó mẹ́ta níbì kan, ohùn mi a wọlé lọ. Olùkọ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìránṣọ nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Òkèrèwè ló ní kí n wá bá àwọn ọmọ náà sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí mo ṣe, kí wọ́n lè mọ èyí tí wọn yóò yàn. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má dá mi dúró síwájú wọn. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà náà. Ohun tí mo ń ṣe nìyí.

Ẹ lè máa rẹ́rìn-ín pé irú ọmọdébìnrin wo ló ń sọ ìtàn iṣẹ́ ayé rẹ̀. Àwọn tó ń sọ irú ìtàn báyìí, irun orí wọn a ti funfun. Tèmi ṣì dúdú. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo kọ́ ti parí. Ilé tí mo ti ń ṣe é ti wà ní títì, àgádágodo ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ti dípẹtà, ẹni tó kọ́ mi kò sì sí níbẹ̀ mọ́. Bí iṣẹ́ bá fẹ̀yìn tì kí òṣìṣẹ́ tó fẹ̀yìn tì, kí la ó pe òṣìṣẹ́?

Iṣẹ́ yíyẹ kòkó wò ni mo ṣe, nílé kòkó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tó wà ní abà Olódò, níbi tí ọ̀pọ̀ ará Òkèrèwè ní oko sí. Bí mo ṣe dé ibẹ̀ kò gùn. Ọdún tó tẹ̀lé òmìnira ni. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fẹ́ wọ ilé ìwé girama, ọwọ́ bàbá wa kò sì ká àwa méjèèjì. Ó mú mi lọ bá Bàbá Alága, ó ní ọmọ òun yìí kì í sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń ríran. Bàbá Alága ní ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ gan-an ni Ìyá Ìpetu ń wá. Ó parí. Owó tí wọ́n ń fún mi kò pọ̀, èmi náà kò sì bèèrè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí Bàbá Alága jẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ mi kò ní yé yín láìsí i. Kí ẹgbẹ́ tó dé, bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ tí kòkó kò tíì pọ́n, owó a tán lọ́wọ́ àgbẹ̀. Á lọ bá olówó, á fi oko rẹ̀ dógò. Olówó a máa ká kòkó inú oko náà títí àgbẹ̀ yóò fi san owó rẹ̀. Báwo ni yóò ṣe san án, nígbà tó jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ń ká kòkó rẹ̀? Bàbá mi wà nínú irú ìdógò bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré. Ó ń ṣe alágbàṣe nínú oko tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn.

Bàbá Alága, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Adéòtí, ló ń lọ láti ojúlé dé ojúlé tó ń sọ fún wọn pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ó ní kí gbogbo wọn kó kòkó wọn jọ sábẹ́ òrùlé kan, kí wọ́n tà á pọ̀. Ẹgbẹ́ ńlá tó wà lókè yóò bá wọn tà á, bánkì àwọn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ní Ìbàdàn yóò sì máa fi owó ránṣẹ́ nígbà òjò, kí ẹnikẹ́ni má ṣe lọ bá olówó èlé mọ́. Kí ni bánkì yóò gbẹ́kẹ̀ lé? Kòkó ni. Kòkó tó dára lọ́dún yìí ni onídùúró fún owó ọdún tó ń bọ̀. Àwọn kan fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ta ló rí bánkì rí tó mọ orúkọ ará oko. Ṣùgbọ́n owó náà dé. Ọjọ́ tí bàbá mi gba oko rẹ̀ padà, ó wọ inú rẹ̀ lọ, kò gé nǹkan kan, kò ká nǹkan kan. Ó kàn jókòó sábẹ́ igi títí ọ̀sán fi pọ́n. Mo gbé oúnjẹ lọ bá a níbẹ̀, kò sì jẹ ẹ́ tán.

Ìdí nìyí tí iṣẹ́ tiwa fi le. Bí kòkó bá ti dà pọ̀ nínú ilé ẹgbẹ́, kò sí ti Lágbájá mọ́, kò sí ti Tàmẹ̀dò. Kòkó ẹnì kan ṣoṣo tí kò gbẹ lè ba ti gbogbo ènìyàn jẹ́. Ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń wò ó ni Ìyá Ìpetu.

Ọmọ Ìpetumodù ni, ọmọ àwọn tó ń mọ ìkòkò. Ó gbẹ, ó ga, kì í rẹ́rìn-ín kí oòrùn tó wọ̀. Láti kékeré ni ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ pé bí èèyàn bá fẹ́ mọ ìkòkò tó sán, kó fi ìka kàn án, kó tẹ́tí. Ohun kan náà ló gbé wá sídìí kòkó. Ó ní ojú lè tan ni jẹ, nítorí kòkó tí oòrùn ọjọ́ kan pa lára a máa dán bíi ti èyí tó gbẹ dénú. Etí ló mọ̀.

Ní ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀, n kò fọwọ́ kan ọ̀bẹ rárá. Mo ń gbálẹ̀, mo ń ṣa òkúta àti kòkó pẹlẹbẹ kúrò, mo ń rán ẹnu àpò. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, Ìyá Ìpetu a ní kí n kọjú sí ògiri. Á bu ẹ̀kúnwọ́ kòkó kan lẹ́yìn mi, á máa dà á láti àtẹ́lẹwọ́ kan sí èkejì.

“Kí ló wí?”

“Kò wí nǹkan kan, mà.”

“Ó wí. Ìwọ ni o kò gbọ́.”

Bí a ṣe ṣe é nìyẹn títí òjò fi dá tó tún bẹ̀rẹ̀. Ó wá di ọjọ́ kan, mo gbọ́ ọ. Kòkó tó gbẹ a máa dún ṣakaṣaka, bí ewé gbígbẹ lábẹ́ ẹsẹ̀ ewúrẹ́. Èyí tí kò gbẹ a máa dún wúyẹ́wúyẹ́, bí ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò fẹ́ kí ẹnìkan gbọ́. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Kò yìn mí. Ó ní kí n lọ gbálẹ̀.

Kì í jẹ́ kí a jẹ nǹkan kan nínú ilé kòkó. Kì í jẹ́ kí a gbé àtùpà oníkẹrosíìnì wọlé, nítorí kòkó a máa gba òórùn bí òwú ṣe ń gba omi. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo fi òróró olóòórùn dídùn sórí, nítorí a ń múra ìgbéyàwó nílé. Ó gbóòórùn rẹ̀ kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, ó ní kí n padà sí Òkèrèwè lọ fọ orí mi. Mo sunkún dé ilé, mo sunkún padà. Nígbà tí mo dé, ó wò mí, ó ní, “Ìkòkò tí yóò jata, ìdí rẹ̀ á gbóná. Tìrẹ kò tíì gbóná, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni.” Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́ṣẹ́, ẹ má rò pé ọ̀gá tó ń lé yín padà sílé kórìíra yín.

Òfin kan wà tó ju gbogbo òfin lọ. Kò sí kòkó tó gbọ́dọ̀ wọlé láìjẹ́ pé a là á wò lójú ẹni tó ni ín. Ìyá Ìpetu ní pátákó kan tí wọ́n gbẹ́ ihò sí bí ọpọ́n ayò. Á ti ọwọ́ bọ àpò dé ìsàlẹ̀, á bu kòkó, á tò wọ́n sínú ihò, á sì fi ọ̀bẹ là wọ́n sí méjì lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó dára, inú rẹ̀ a pọ́n rẹ́súrẹ́sú, á sán wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ ẹrẹ̀ tó gbẹ. Èyí tí kò gbẹ a dì mọ́ra. Èyí tó ti bu a funfun nínú. Ṣùgbọ́n Ìyá Ìpetu kì í sọ pé kòkó ẹnìkan kò dára. Kò sọ ọ́ rí. Pátákó ló máa ń gbé fún ẹni tó ni ín, á sì bi í pé, “Kí lẹ rí?” Ẹni náà ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ lójú gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀. Bó bá ti sọ ọ́, yóò gbé àpò rẹ̀ padà lọ sá.

Bàbá Rájí ló máa ń pa wá lẹ́rìn-ín jù nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹdẹ ni bàbá tó bí i ti wá, ṣùgbọ́n Ifẹ̀ ni wọ́n bí òun sí, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. Ní ọjọ́ kan ó gba pátákó, ó wò ó, ó ní, “Ìyá Ìpetu, ojú mi ò ríran bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́ o. Ẹ bá mi wò ó.”

“Ojú tó rí mi láti òdìkejì odò tó fi ń pè mí ní ìyàwó? Ẹ wò ó dáadáa.”

“Ó jọ pé ó fẹ́ bu díẹ̀.”

“Ẹ sọ ọ́ sókè. Etí mi wà ní Ìpetu.”

“Mo ní ó bu. Ṣé kí n tún gun orí àjà lọ pè é ni?”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ó gbé àpò rẹ̀ lé orí, ó lọ. Kò sí ẹni tí kì í ṣẹlẹ̀ sí. Ẹ̀gbọ́n Ìyá Ìpetu fúnra rẹ̀ ti gbé àpò padà lọ sílé rí, wọn kò sì kí ara wọn títí kòkó fi tán lórí igi lọ́dún náà.

Ohun èlò yí padà lójú mi. Nígbà tí mo dé, orí ẹní ni gbogbo wọn ti ń sá kòkó, a ń lé adìyẹ, a ń lé ewúrẹ́. Lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ fi sìmẹ́ǹtì ṣe ilẹ̀ pẹrẹsẹ níwájú ilé kòkó fún àwọn tí ẹní wọn kò tó. Òṣùwọ̀n àtijọ́ tí wọ́n ń so mọ́ igi àjà lọ, èyí tó ní abẹ́rẹ́ bí aago dé, àwọn bàbá sì ń kùn pé láti ìgbà wo ni aago ti ń wọn kòkó. Ẹgbẹ́ ńlá tún fi irin kan ránṣẹ́ tó lè la ọ̀pọ̀ kòkó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí èèyàn bá ti tẹ orí rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ìyá Ìpetu gbìyànjú rẹ̀ lójú akọ̀wé ẹgbẹ́, ó dúpẹ́, nígbà tí akọ̀wé sì lọ tán, ó fi í ti fèrèsé kó má baà máa padé. Ó ní ọ̀bẹ mọ ọwọ́ òun. Mo ti ronú lórí irin yẹn títí. Irin kò mọ ọ̀fọ̀.

Ó ku ohun tí n kò fẹ́ kọ.

Àṣà kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tí kò sí nínú ìwé òfin. Kò sí ẹni tó ń da kòkó ṣáájú Alága. Bí ilé kòkó bá ṣí, tirẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dé ilẹ̀, nítorí òun ló kọ́kọ́ dà á ní ọjọ́ tí àwọn yòókù ń bẹ̀rù. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí àdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá Alága mọ kòkó í ká ni, ìyàwó rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n sá. Ìyá Alága a máa tẹ́ kòkó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, á máa yí i padà bí ẹni tó ń yí ọmọ lórí ẹní. Òun ló sì máa ń tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ wá sílé kòkó. Á kí Ìyá Ìpetu, wọn a jọ sọ̀rọ̀ díẹ̀, á padà sílé.

Lọ́dún kan tí òjò kò fẹ́ dá, láàrin ìkórè gan-an, Ìyá Alága kú. Àìsàn náà kò pẹ́. Gbogbo abà Olódò ló dúró ti Bàbá Alága. A pọn omi, a ṣoúnjẹ, a gbálẹ̀ fún àwọn tó wá kí i. Kò sí ẹni tó rántí kòkó tó wà lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn ilé rẹ̀, èyí tó wà lórí ẹní sì gba òjò. Nígbà tí ìsìnkú parí, ọkọ̀ tí yóò kó kòkó ẹgbẹ́ ti fẹ́ dé, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ sì ń dúró de ẹni tí yóò kọ́kọ́ dà.

Àwọn ọmọ rẹ̀ ló gbé àpò wọ̀nyẹn wá. Òun ń bọ̀ lẹ́yìn wọn pẹ̀lú aṣọ dúdú, kò wo ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo kọ́kọ́ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, bí wọ́n ti kọ́ mi. Mo dà á láti ọwọ́ kan sí èkejì, mo gbọ́ ọ. Mo wo Ìyá Ìpetu. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, òun náà dà á. Ojú rẹ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n ó tún un dà lẹ́ẹ̀kejì, kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó gbé pátákó. Ó mú ọ̀bẹ.

Bàbá Alága wo ẹnu ọ̀nà. Ó ní, “Ìyá Ìpetu, ẹ̀yin ni ìyá wọn máa ń kọ́kọ́ kí bó bá bá mi dé ibí.”

Àwọn tó gbé àpò sórí kò sọ ọ́ kalẹ̀. Bí ọ̀bẹ yẹn bá la kòkó náà, Ìyá Ìpetu yóò ní láti gbé pátákó fún un, yóò ní láti bi í pé kí ló rí, òun yóò sì ní láti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ lójú gbogbo wọn. Ìyá Ìpetu fi ọ̀bẹ náà sábẹ́ ìró rẹ̀.

“Ẹ kú àmúmọ́ra, Bàbá,” ni ó wí. “Ẹ ní kí wọ́n dà á.”

Bàbá Rájí ló tẹ̀ lé e. Ó sọ àpò tirẹ̀ kalẹ̀, ó sún mọ́ Ìyá Ìpetu, ohùn rẹ̀ kò ní ẹ̀rín nínú lọ́jọ́ náà. Ó ní, “Ṣé ọ̀bẹ yìí ti ń mọ ojú ni? Àbí tèmi nìkan ni yóò mú fún?”

Ìyá Ìpetu wo ọ̀dọ̀ Bàbá Alága. Mo mọ ohun tó ń rò. Bó bá la ti Bàbá Rájí, gbogbo wọn yóò bèèrè ìdí tí kò fi la ti àkọ́kọ́, Bàbá Alága sì wà níbẹ̀ tí yóò gbọ́.

“Ẹ dà á,” ni ó wí.

Bí wọ́n ṣe da ti gbogbo wọn lọ́jọ́ náà nìyẹn. Àwọn kan wà tí tiwọn gbẹ dáadáa. Àwọn kan wà tí wọ́n ti ń dúró de irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Gbogbo rẹ̀ di òkìtì kan.

Bí ọkọ̀ bá dé lọ́jọ́ kejì, bóyá à bá rí i gbà là. Ṣùgbọ́n òjò tún rọ̀, ó gbé afárá odò lọ, ọkọ̀ kò sì rí ọ̀nà wá. Láràárọ̀ ni Ìyá Ìpetu ń ti apá bọ inú òkìtì náà dé èjìká. Kò sọ nǹkan kan fún mi, ṣùgbọ́n bó bá fa apá yọ, á máa gbóná bí ara ọmọ tí ibà ń ṣe. A kó díẹ̀ síta lábẹ́ òrùlé. Oòrùn kò sí. A yí i padà títí ẹ̀yìn mi fi kọ̀. Kó tó di pé wọ́n tún afárá ṣe, òórùn ti jáde sí ojú ọ̀nà.

Ọkùnrin tí ìjọba rán wá yẹ kòkó wò kì í ṣe aláriwo. Ó là, ó là, funfun bí òwú ni gbogbo rẹ̀. Ó bèèrè ẹni tó gbà á wọlé. Ìyá Ìpetu ní òun ni. Ó bi í bóyá ó là á wò.

“N kò là á.”

Ọkùnrin náà dúró kó gbọ́ ìdí. Kò gbọ́ ọ, ó sì ní kí wọ́n kó gbogbo òkìtì náà dà nù. Gbogbo ẹgbẹ́ dúró níbẹ̀, Bàbá Rájí wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó lanu. Bàbá Alága ń wo Ìyá Ìpetu bí ẹni tí kò rí i rí. Ọ̀fọ̀ ti dí ojú àti etí rẹ̀ ní ọjọ́ tó da kòkó tirẹ̀. Kò mọ̀ pé a kò la tirẹ̀ wò. Àwọn tó sì mọ̀ gbà pé àánú ni kí àwọn má sọ ọ́ fún un.

Ìyá Ìpetu kò pẹ́ kó tó kó ẹrù rẹ̀. Mo bá a gbé e dé ibi tí ọkọ̀ ń dúró. Mo bi í, pẹ̀lú ohùn mi tí kì í jáde yìí, ìdí tí kò fi sọ fún Bàbá.

“Kí n sọ fún un pé ìyàwó rẹ̀ kò sí nílé láti sá kòkó fún un? Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀.” Ó tú ọ̀bẹ nínú ìró rẹ̀, ó fi lé mi lọ́wọ́. “Tí o bá máa lò ó, lò ó fún gbogbo èèyàn. Tí o kò bá lè lò ó fún gbogbo èèyàn, máa fi bẹ iṣu.”

Wọ́n fi mí sípò rẹ̀, mo sì lò ó. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan kì í gbé igbá dórí. Nígbà tí òjò ọdún kejì bẹ̀rẹ̀, owó bánkì kò dé. Bàbá Alága àti akọ̀wé wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn. Wọ́n fún wọn ní àga, wọ́n bá wọn sọ̀rọ̀ dáadáa, wọ́n ní kí kòkó tó dára kọ́kọ́ dé ná. Akọ̀wé ní ọ̀rọ̀ wọn kò burú. Kò burú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ebi kì í dúró de kòkó tó ń bọ̀. Àwọn olówó èlé tí a ti gbàgbé ojú wọn tún bẹ̀rẹ̀ sí í ya ilé àwọn èèyàn bí ẹni pé wọ́n kàn ń kọjá lọ. Àwọn alágbàtà náà dé, wọ́n gbé òṣùwọ̀n ọwọ́ wọn, wọ́n ń rà á nínú oko. Alágbàtà kì í là á wò. Bó bá bu, bó gbẹ, iye kékeré kan náà ni yóò san. Bí mo bá gbé pátákó fún ẹnìkan nígbà náà, kì í sọ ohun tó rí mọ́. Á kàn gbé àpò rẹ̀, á ní òun mọ ẹni tí kì í bi èèyàn ní ìbéèrè.

Bàbá mi náà lọ bá alágbàtà. Ọ̀nà ẹ̀yìn ló gbà kí n má baà rí i. Mo rí i. Ó wo ilẹ̀, èmi náà wo ilẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, ìlàjì oko rẹ̀ ti padà sínú ìdógò, ìlàjì tó jókòó sí lábẹ́ igi lọ́jọ́ náà sì ni.

Mo máa ń rántí òwe kan tí àwọn àgbà ń pa, pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn. N kò lè bá Ìyá Ìpetu wí pé ó ṣàánú. Bí mo bá dúró níbi tó dúró sí, n kò mọ ohun tí ǹ bá ṣe. Ṣùgbọ́n ó dùn mí pé ibi tó ti ṣàánú ni ibi kan ṣoṣo tí àwọn àgbẹ̀ ní tí àánú kò gbọ́dọ̀ wọ̀. Ó tún dùn mí jù bẹ́ẹ̀ lọ pé lẹ́yìn rẹ̀, ó ti rọrùn fún gbogbo wa láti dákẹ́.

Ìpàdé ìkẹyìn wáyé ní ọ̀sán ọjọ́ kan, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Èmi ni mo ń gbé omi fún wọn. Wọ́n sọ̀rọ̀ sókè, wọ́n sọ ọ́ sísàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ já sí pé kí wọ́n ti ilé kòkó. Ẹnìkan bèèrè pé ibo gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti bàjẹ́. Bàbá Rájí ní ta ni kò mọ̀ pé alágbàtà ló fún Ìyá Ìpetu ní nǹkan kó lè ba ẹgbẹ́ jẹ́, àti pé ó ti ń kọ́lé ní Ìpetumodù báyìí. Wọ́n mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹni tó bá ti lọ sí ọjà Ìpetu ti rí i níbi tó jókòó sí lẹ́yìn ìkòkò rẹ̀.

Bàbá Alága mí kanlẹ̀. Ó ní, “Obìnrin yẹn ló pa ẹgbẹ́ yìí. Mo fọkàn tán an ju ẹ̀gbọ́n mi lọ.”

Mo dúró pẹ̀lú ife omi lọ́wọ́. Mo ń retí pé ẹnìkan nínú àwọn àgbàlagbà yẹn yóò gbé orí sókè. Wọ́n ń wo ẹsẹ̀ wọn. Èmi náà la ẹnu, ohùn mi sì wọlé lọ bí ó ti máa ń ṣe. Wọ́n dìde, akọ̀wé ti ilẹ̀kùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Kòkó tí a dà nù ti di ilẹ̀ nígbà náà, ẹgbẹ́ ti tú, èyí tó kù fún ẹnikẹ́ni láti gbà là ni orúkọ Ìyá Ìpetu.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo yọ pátákó àti ọ̀bẹ lórí àjà ilé wa, mo kó wọn sábẹ́ aṣọ, mo sì lọ sílé Bàbá Alága. Ó wà níwájú ilé, òun nìkan, ó ń di ẹnu àpò kan tó fẹ́ tà fún alágbàtà. Mo kúnlẹ̀.

“Mojísọ́lá, kí ló dé? Ẹgbẹ́ ti tú lánàá.”

“Mo mọ̀, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n là á wò.”

“Ta lo fẹ́ là á fún?”

Mo gbé pátákó kalẹ̀. Ó wò mí títí, ó sì tú ẹnu àpò náà. Mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìsàlẹ̀, mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan, mo dà á láti ọwọ́ kan sí èkejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀. Mo tò ó sínú ihò. Mo là á lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo ṣe tán, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé pátákó fún un.

“Kí lẹ rí, Bàbá?”

Ó gbé e sún mọ́ ojú. Ó fi ìka kan kan kòkó tó wà láàrin.

“Kò gbẹ,” ni ó wí. Ó tún sọ ọ́ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. “Láti ìgbà tí ìyá wọn ti lọ, n kò tíì rí èyí tó gbẹ.” Lẹ́yìn náà ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí pátákó. Ó wò mí. “Lọ́jọ́ tí mo da tèmi nígbà ọ̀fọ̀, ìwọ lo kọ́kọ́ bù ú. Kí ló wí?”

“Ohun tí èyí wí náà ni, Bàbá.”

Ó bi mí ìgbà tí wọ́n ń ná ọjà Ìpetu. Mo ní ọ̀la ni. Ó mi orí. Ó gbé pátákó lé itan rẹ̀, kò sì gbé e padà fún mi.

Mo dìde, mo na ẹní sílẹ̀, mo da àpò náà sórí rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sínú oòrùn, bí Ìyá Alága ti máa ń ṣe é.